Òwìwí kékeré saw-whet nígbà òtútù: níbo lẹ ti ń rí i, báwo lẹ sì ṣe ń yà á?

AkinBowie (Maryland)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ràn àtimáa ya àwòrán ẹyẹ. Pẹ́pẹ́yẹ etí omi, idì olórí funfun, àwọn ẹyẹ tó ń wá jẹun lẹ́yìnkùlé, gbogbo ìyẹn ni mo ti ń yà. Lọ́tẹ̀ yìí, òwìwí kékeré tí wọ́n ń pè ní saw-whet ló gbà mí lọ́kàn. Láti orí dé ìrù, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 péré ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì wọ̀n ju gíráàmù 80 tàbí 90 lọ. Orí rẹ̀ rí róbótó, ẹyinjú rẹ̀ yẹ́lò, kò ní ìyẹ́ tó nà sókè lórí bíi ti àwọn òwìwí ńlá kan.

Páàkì kan wà nítòsí wa tí igi kédárì pupa pọ̀ sí, igi páìnì sì wà lẹ́yìn wọn. Mo rí ìgbẹ́ ẹyẹ funfun lára ẹ̀ka àti nílẹ̀ lábẹ́ àwọn kan nínú kédárì náà. Mo wòkè títí ọrùn fi ń ro mí, n kò rí nǹkan kan. Ṣé ti òwìwí ni ìgbẹ́ yẹn àbí ti ẹyẹ mìíràn? Tí mo bá sì rí i, ṣé lẹ́ńsì 150-600 tó wà lọ́wọ́ mi tó nínú òjìji igi bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ ṣàlàyé fún mi.

ÌyáÌbejì_Duluth (Minnesota)

Akin, o kú ìtara. Etí adágún Superior ni mo wà, òtútù ibí kì í ṣeré, ṣùgbọ́n òwìwí wà níbí dáadáa.

Kọ́kọ́ wo ìgbẹ́ yẹn fínnífínní. Tí o bá rí kóró èso nínú rẹ̀, tàbí tó ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀, ẹyẹ tó ń jẹ èso kédárì ló ni ín. Robin àti waxwing máa ń kún inú kédárì nígbà òtútù. Tó bá jẹ́ róbótó kéékèèké tó dúdú láàárín, àdàbà ló sùn síbẹ̀. Ti òwìwí máa ń ki, ó máa ń funfun gbòò, á sì máa ṣàn lára ẹ̀ka kan náà, lójú kan náà. Ìdí ni pé tí ibì kan bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè máa padà síbẹ̀ wá sùn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wo ilẹ̀. Òwìwí kì í lè da irun àti egungun eku nínú, ó máa ń bì í jáde ní ìṣù kékeré aláwọ̀ eérú. Ti saw-whet kò gùn ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Wọ ìbọ̀wọ́, fi igi tín-ín-rín tú u: wàá rí irun, wàá rí egungun ẹsẹ̀, nígbà mìíràn wàá rí egungun àgbọ̀n eku pẹ̀lú eyín iwájú rẹ̀ tó pọ́n. Tí o bá rí ìyẹn pẹ̀lú ìgbẹ́ tó ki, o ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Má sì wòkè jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo ṣóńṣó igi nígbà tí ẹyẹ náà wà ní ìwọ̀n ojú wọn. Ibi tí ewé ti bò ó lórí ló ń wá, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtí igi, bóyá ní ìparí ẹ̀ka tó ki. Lọ́dọ̀ yín ní Maryland, yẹ àwọn ìtàkùn honeysuckle wò pẹ̀lú, nítorí ewé wọn kì í wọ́ tán nígbà òtútù. Má wá ẹyinjú rẹ̀, nítorí ó ti dijú, ó ń sùn. Ohun tí wàá rí ni nǹkan róbótó tó jókòó, tí ìlà àwọ̀ ilẹ̀ ń ṣàn lórí àyà funfun rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ funfun tó pàdé láàárín ojú méjèèjì bíi lẹ́tà V.

ỌmọỌdẹ_BrooklynPark (Minnesota)

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un.

Ìṣẹ́yìn ni bàbá mi ti ń ṣọdẹ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí a tó wọ igbó, kí a dúró létí rẹ̀ kí a sì gbọ́ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ń lò níbí. Tí o bá gbọ́ tí àwọn ẹyẹ bíi chickadee, nuthatch tàbí blue jay ń pariwo lé igi kan lórí, tí wọn kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀, ọ̀tá ni wọ́n rí: òwìwí ni, tàbí àwòdì. Dúró. Wo ibi tí gbogbo wọn kọjú sí.

Má wọ abẹ́ igi náà. Dúró síta, fi awò wo inú rẹ̀ láti ibi tí ewé ti ṣí díẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, wo lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé bí o bá ti ṣípò, ojú ihò mìíràn á ṣí. Yí igi náà po bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ ya ẹ̀ka á kàn bá ara rẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú ẹyẹ náà, kò sí ààyè àtipadà mọ́.

Nípa yìnyín: ìgbẹ́ funfun kì í hàn lórí yìnyín tuntun, ara ẹ̀ka nìkan ni kí o máa wò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣù irun ni yìnyín máa ń fi hàn kedere.

MàmáṢèyí_Houston

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, àyà mi sì ń já. Ṣé òwìwí náà lẹ ń wá kiri báyìí? Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí a ti dàgbà, tí òwìwí bá ké lórí òrùlé lóru, ìyá wa á dìde gbàdúrà, kò sì sí ẹni tó máa tún sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ̀rù kò bà yín láti gbé àwòrán rẹ̀ wọlé?

Adébáyọ̀_Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀, Mà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Etí ìyẹ́ apá òwìwí ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó ń pa ariwo afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi dún tó bá ń fò. Ẹyẹ tí ẹ kò gbọ́ bíbọ̀ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì kọ síwájú bíi ti ènìyàn, kò lè ṣàì bani lẹ́rù lóru. Tó bá ké, ó ń pe ìyàwó ni, tàbí ó ń sọ fún òwìwí mìíràn pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín. Mà, ẹ wò ó: ilé tí aláìsàn wà ni wọ́n ti ń ṣàìsùn. Àwọn ló jí, àwọn ló gbọ́ igbe rẹ̀, tí aláìsàn bá sì kú, ẹyẹ ló máa ru ẹ̀bi. Kò sí ẹni tó ń ka iye òru tí òwìwí ké tí gbogbo ilé jí láyọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń sọ ọ́ lókùúta, wọ́n sì ń tà á lọ́jà fún àwọn tó ń ṣe oògùn. Bẹ́ẹ̀, eku tó ń jẹ àgbàdo wa ni oúnjẹ rẹ̀. Níbí, igbó IITA (ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 360 jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwa olólùfẹ́ ẹyẹ ti ń pàdé, àwọn ọ̀dọ́ sì ń pọ̀ sí i lára wa. Akin, nígbà tí o bá wálé, lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn. Òwìwí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pearl-spotted wà níbẹ̀ tí kò ju saw-whet rẹ lọ. Ó ní àmì dúdú méjì lẹ́yìn orí tó dà bí ojú, ó sì máa ń ké lọ́sàn-án gangan. Nígbà ọyẹ́, tí ewé bá ti wọ́, kì í ṣòro rí tó bẹ́ẹ̀.

Tọ́pẹ́_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Little owl ni tiwa níbí. Wọ́n kó o wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Lord Lilford tó tu wọn sílẹ̀ ní Northamptonshire sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí wọ́n fìdí múlẹ̀. Inú ihò igi oaku àtijọ́ ni wọ́n ń gbé, Richmond Park sì kún fún irú igi bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ tí oòrùn bá ràn lẹ́yìn òru tutù ni kí ẹ lọ, nítorí ó máa ń jáde wá sí ẹnu ihò láti yáàrùn. Ó rọrùn ju ti Akin lọ. Ìṣòro tiwa ni èrò: tí ènìyàn mẹ́wàá bá to kámẹ́rà síwájú ihò kan, ẹyẹ náà á wọlé padà, oòrùn tó fẹ́ yá á sì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kúnlé_Toronto

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú tó báyìí? Áàpù wà lórí fóònù. Ẹ gbé ohùn saw-whet sáfẹ́fẹ́, á fúnra rẹ̀ wá bá yín. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ra èkúté ní ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn, wọ́n á jù ú sórí yìnyín, òwìwí á sì fò wá síwájú kámẹ́rà wọn. Akin, kọ orúkọ páàkì yẹn síbí, mo ń bọ̀ ní Maryland lóṣù tó ń bọ̀, ká jọ lọ.

ÌyáÌbejì_Duluth

Kúnlé, àbúrò mi, jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀.

Òwìwí ńlá ń jẹ òwìwí kékeré. Great horned àti barred owl, tí wọ́n wà ní Maryland àti lọ́dọ̀ yín ní Toronto, máa ń pa saw-whet jẹ. Tí o bá gbé ohùn saw-whet sáfẹ́fẹ́, kì í ṣe òun nìkan ló ń gbọ́. O sì ti fà á jáde kúrò níbi tó sá pamọ́ sí, o ń jẹ́ kó máa wá ẹni tí kò sí, kó máa ná agbára tó fẹ́ fi la òru kọjá.

Ó sì ní bí ó ṣe ń la òru yẹn kọjá. Lọ́dọ̀ wa, òtútù máa ń lọ sí ìwọ̀n 30 lábẹ́ òdo. Saw-whet kì í sábà lè jẹ odindi eku kan tán lẹ́ẹ̀kan. Á jẹ orí àti iwájú, á fi ìyókù pamọ́ sórí ẹ̀ka, yóò sì dì gbagidi. Nígbà tí ebi bá tún pa á, á jókòó lé e bí adìyẹ ṣe ń sàba lé ẹyin, títí ẹran náà á fi rọ̀ tí yóò sì lè fà á ya. Ẹyẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ti ẹyin adìyẹ méjì ló ń fi ooru ara rẹ̀ yọ́ oúnjẹ. Kò ní ooru tí ẹnikẹ́ni á máa fi ṣòfò nítorí àwòrán.

Ní ti èkúté jíjù, ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹyẹ á mọ ènìyàn àti ojú títì sí ibi tí oúnjẹ wà. Nígbà òtútù ọdún 2004 sí 2005, great gray owl tó lé ní 5,000 ya wọ Minnesota láti àríwá nítorí àìrí eku jẹ, ọkọ̀ sì pa púpọ̀ nínú wọn lójú títì. Òwìwí tó ń ṣọdẹ létí títì ti wà nínú ewu tẹ́lẹ̀, kí a má fi èkúté pè é sún mọ́ ọn.

Kúnlé_Toronto

Ẹ ṣé, Mà, mo gbọ́ tàwọn òwìwí ńlá yẹn, ó sì wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ṣebí àwọn onímọ̀ fúnra wọn máa ń fi ohùn pè é wá sínú àwọ̀n? Mo ti rí fídíò rẹ̀. Kí ló dé tí tiwọn kò burú?

DókítàṢadé_Pennsylvania

Ìbéèrè gidi ni, ẹ jẹ́ kí n dáhùn, nítorí mo máa ń yọ̀ǹda ara mi fún irú iṣẹ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń fi ohùn pè é. Òru oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ni, nígbà tí wọ́n ń ṣí láti àríwá wá sí gúúsù, kì í ṣe àárín òtútù tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀. Ìjọba gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. A máa ń yẹ àwọ̀n wò lóòrèkóòrè, a sì máa ń pa ohùn náà tí òwìwí ńlá bá ti fara hàn. A ó wọn ẹyẹ náà, a ó wọn apá rẹ̀, a ó fi òrùka kékeré sí i lẹ́sẹ̀, a ó sì tú u sílẹ̀. Iná ultraviolet ni a fi ń wo abẹ́ apá rẹ̀: ìyẹ́ tuntun á tàn ní àwọ̀ píǹkì, èyí tó ti gbó kò ní tàn tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ọmọ ọdún yìí ni tàbí àgbà.

Ohun tó ti inú rẹ̀ jáde kò kéré. Nígbà kan, àwọn ènìyàn gbà pé saw-whet ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi. Láti ọdún 1994 tí David Brinker, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ti dá Project Owlnet (ètò tó so àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ pọ̀) sílẹ̀ ní Maryland níbẹ̀, ibùdó tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti lé ní 100, a sì ti wá mọ̀ pé ó ń kọjá lórí wa lóru lọ́pọ̀lọpọ̀, a kàn ń sùn ni. Akin, Kúnlé, tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ẹ wá ibùdó tó máa ń gba àlejò nítòsí yín. Ẹ ó rí ẹyẹ náà ní ọwọ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń dì í mú.

Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ dájú, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé saw-whet kì í bẹ̀rù ènìyàn, pé ènìyàn lè sún mọ́ ọn kó má fò. Kì í ṣe àìbẹ̀rù. Àìmira ni ibi ìsápamọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n gé igi spruce ńlá kan ní Oneonta, wọ́n wé e, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Rockefeller Center ní New York fún Kérésìmesì. Nígbà tí wọ́n ń gbé igi náà nàró ni òṣìṣẹ́ kan rí saw-whet nínú rẹ̀. Ayùn, okùn, ọkọ̀, ariwo ìlú, òwìwí yẹn wà nínú igi rẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Ravensbeard Wildlife Center ní Saugerties, wọ́n fún un ní oúnjẹ àti omi, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Tí ẹyẹ bá lè dákẹ́ lábẹ́ ayùn, ẹ má fi ìdákẹ́ rẹ̀ níwájú kámẹ́rà yín ṣe ẹ̀rí pé ara tù ú.

Fẹ́mi_Newark (New Jersey)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ dá sí ti kámẹ́rà, torí Akin béèrè, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn.

Lẹ́ńsì 150-600 tó. Ìmọ́lẹ̀ ni wàhálà rẹ. Ní 600, púpọ̀ nínú irú lẹ́ńsì yẹn kì í ṣí ju f/6.3 lọ, inú kédárì sì ṣókùnkùn kódà lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ń sùn kì í mira, ohun tí wàá jèrè lára rẹ̀ nìyẹn. Gbé kámẹ́rà sórí tráípọ́ọ̀dù, fi shutter (ìyára tí kámẹ́rà fi ń yà) sí 1/60 tàbí 1/100, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) sí 1600 tàbí 3200, kí o lo aago ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ọwọ́ rẹ má bàa mì í. Tí kámẹ́rà rẹ bá ní shutter tí kì í dún, tan án. Atẹ́gùn ni kí o máa ṣọ́. Tí ẹ̀ka bá ń mì, ẹyẹ ń bá a mì. Dúró kí ó rọlẹ̀, kí o yà púpọ̀ tẹ̀ léra, ọ̀kan á mọ́ kedere nínú wọn.

Má retí oòrùn. Tí oòrùn bá ràn, òjìji ewé á bu dúdú bu funfun sí i lójú. Ọjọ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run tí yìnyín sì wà nílẹ̀ ló dára jù, nítorí yìnyín á dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè sí àyà rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka. Irú ìmọ́lẹ̀ yẹn dára ju èyíkéyìí tí o lè rà lọ. Àmọ́ kámẹ́rà á rò pé yìnyín ti mọ́lẹ̀ jù, á sọ ọ́ di àwọ̀ eérú, nítorí náà fi ìmọ́lẹ̀ +1 kún un.

Fókọ́ọ̀sì àdáṣe á máa gbá ẹ̀ka tó wà níwájú mú. Pa á. Fọwọ́ yí i, sọ àwòrán di ńlá lójú kámẹ́rà, wo ìlà ìpéǹpéjú rẹ̀ títí yóò fi mú. Tí ẹ̀ka kan bá dí ọ lójú, ìwọ ni kí o ṣípò. Má ṣe ṣẹ́ ẹ kúrò, ẹ̀ka yẹn ni kò jẹ́ kí àwòdì rí i. Fúláàṣì, rárá.

Òtútù máa ń jẹ bátìrì: fi èkejì sí àpò inú ẹ̀wù tó sún mọ́ ara. Kí o tó wọlé, yọ káàdì, di kámẹ́rà sínú àpò rẹ̀ pinpin, kí o má ṣí i títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á sé sí lẹ́ńsì.

Èyí tó kù ni pé kí o máa wo ẹyẹ náà ju bí o ṣe ń wo kámẹ́rà lọ. Tó bá dijú tí ìyẹ́ rẹ̀ wú fẹ̀ẹ̀, ara tù ú. Tó bá lajú sílẹ̀ rangandan, tó nà gbọọrọ, tó sì fa apá kan bo àyà rẹ̀, ó ti rí ọ, ẹ̀rù sì ń bà á. Fi ẹ̀yìn rìn kúrò, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lójú ẹsẹ̀. Kódà tó bá ń sùn, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó.

Kúnlé_Toronto

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ẹ ṣeun gan-an, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan kù lọ́kàn mi: kí ló burú nínú ká sọ ibi tó wà fún ara wa níbí? Ṣebí ará ni wá.

ỌmọỌdẹ_BrooklynPark

Ará ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè ka ojú ewé yìí. Ẹni kan á sọ fún ẹni méjì, ní Sátidé wàá bá ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti là lábẹ́ igi náà, àwọn ẹ̀ka ti ṣẹ́, ẹyẹ ti lọ wá ibòmíràn lọ́sàn-án, níbi tí blue jay àti àwòdì ti ń dúró dè é. eBird, ìkànnì tí a ti ń kọ ẹyẹ tí a rí sílẹ̀, fúnra rẹ̀ máa ń bo ibi tí wọ́n ti rí àwọn òwìwí kan. Tí o bá fẹ́ kọ tìrẹ sílẹ̀, kọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹyẹ ti ṣí lọ, kí o sì fi orúkọ agbègbè ìjọba (county) nìkan sí i. Tí o bá ń fi fọ́tò sórí Facebook, wò ó bóyá fóònù rẹ kò lẹ ibi tí o wà mọ́ ọn. Ẹni tí o bá fẹ́ràn, mú un lọ́wọ́ lọ fúnra rẹ.

AkinBowie (Maryland)

Ẹ̀yin ará, mo ti rí i!

Kì í ṣe inú kédárì tí mo kọ nípa rẹ̀. Mo tú ìgbẹ́ yẹn wò, kóró èso ló kún inú rẹ̀ bí Ẹ̀gbọ́n Duluth ṣe sọ. Chickadee ló fi í hàn mí. Mo dúró létí igbó bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo gbọ́ wọn níbi ìtàkùn honeysuckle tó gun igi páìnì kékeré kan, gbogbo wọn kọjú síbì kan. Mo fi awò wá a láti ìta, mo ń sún díẹ̀díẹ̀, títí ihò kan fi ṣí láàárín ewé.

Ó wà níbẹ̀, kò ga ju èjìká mi lọ. Ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọmọ ìka, èékánná dúdú nìkan ló yọ jáde. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdajì èkúté ni ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ìrù rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, yìnyín wẹ́wẹ́ sì ti dì mọ́ irun rẹ̀. Ojú kan dé pátápátá. Èkejì ṣí bí ìlà yẹ́lò tín-ín-rín nígbà tí jay kan ké lókèèrè, ó sì tún pa dé.

Mo wà ní nǹkan bíi mítà méjìlá. 600, f/6.3, 1/80, ISO 3200, +1, kùrukùru lójú ọ̀run, yìnyín nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn mú àyà rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlà rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yà á, mo kó ẹrù mi, mo kúrò. Ó ṣì ń sùn nígbà tí mo lọ. Àwòrán mẹ́ta wà nísàlẹ̀, mo ti yọ ibi tó wà kúrò lára wọn.

DókítàṢadé_Pennsylvania

Akin, o kú oríire! Mo ti fi àwòrán kejì hàn àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má béèrè bóyá akọ ni tàbí abo o. Abo máa ń tóbi jù, ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, àfi ká wọ̀n ọ́n. Láti ìparí oṣù kìíní lọ, akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lóru, ohùn kan náà léraléra, á máa lọ títí di ìgbà ìrúwé. Jáde lóru tí atẹ́gùn kò fẹ́ kí o kàn tẹ́tí, láìfi ohùn kankan pè é.

MàmáṢèyí_Houston

Akin ọmọ mi, mo ti wo àwòrán náà léraléra. Ẹyẹ kékeré báyìí! Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan tó ń dà mí láàmú. Eku yọ wá lẹ́nu nínú gáréèjì, ọkọ mi sì ti kó oògùn eku sí gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ṣé òwìwí tó bá jẹ irú eku bẹ́ẹ̀ kò ní kú?

Fẹ́mi_Newark

Mà, ó lè pa á. Èyí tó burú jù ni irú àwọn tí májèlé brodifacoum wà nínú wọn. Eku tó bá jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á máa fi àìlera rìn kiri fún ọjọ́ mélòó kan, òun ni òwìwí á sì kọ́kọ́ rí mú. Ẹ rántí Flaco, òwìwí ńlá tó jáde kúrò ní ọgbà ẹranko Central Park ní oṣù kejì ọdún 2023. Nígbà tó kú lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, ilé ló kọlù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n bá oògùn eku lára rẹ̀ pẹ̀lú àrùn tó máa ń wá láti ara ẹyẹlé.

Pàkúté onírin ni kí wọ́n lò, nínú àpótí tí ẹyẹ kò lè wọ̀, kí wọ́n sì fi wáyà irin dí ihò gáréèjì. Èyí tó ní gọ́ọ̀mù, kí wọ́n má gbé e síta, ó ń lẹ ẹyẹ mọ́lẹ̀.

MàmáṢèyí_Houston

Mo ti pè é síbi kọ̀ǹpútà, ó ti ka ohun tí o kọ. Ó ní òun á kó o kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á sì ra pàkúté lọ́la. Adébáyọ̀, ọ̀rọ̀ aláìsàn àti òru tí o sọ yẹn, mo ṣì ń rò ó. N kò tíì lè gbé òwìwí kọ́ sí pálọ̀ mi o. Ṣùgbọ́n Akin, fi èyí tó ní ìdajì èkúté lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ ní Sátidé, mo fẹ́ kí wọ́n rí i.